Ilé Tí Wọ́n Kọ́ fún Etí: Ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church Lutheran ní Minneapolis

Ní ìjọ Lútẹ́ránì, ìwàásù àti orin tí gbogbo ìjọ ń kọ ni òpó ìsìn. Ilé tí kò bá jẹ́ kí wọ́n gbọ́ méjèèjì ketekete kò wúlò fún wọn, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Eliel Saarinen, ọmọ Finland tí bàbá rẹ̀ jẹ́ pásítọ̀ Lútẹ́ránì, mọ èyí dájú nígbà tó ń ya àwòrán ilé ìjọsìn tí wọ́n parí fún ìjọ Christ Church Lutheran ní Minneapolis, Amẹ́ríkà, ní 1949. Ó kú ní 1950.

Ẹ wo àwọn ògiri. Bí ògiri méjì tó dán bá kọjú síra wọn gbọọrọ, ohùn á máa ta láti ọ̀kan sí èkejì, ọ̀rọ̀ oníwàásù á sì dàrú mọ́ra wọn. Nǹkan bíi mítà 340 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí èyí tó ta padà bá fi bíi mítà 17 rìn ju èyí tó wá tààrà lọ, etí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ gbohùngbohùn. Ìdí nìyí tí Saarinen fi yẹ ògiri díẹ̀, tó sì mú àjà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú irú ilé báyìí ni kí wọ́n tẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì síbi gbogbo kí ariwo lè rọlẹ̀. Ìwàásù lè dùn ún gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orin á kú: olórin kò ní gbọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́, oníkálùkù á sì rẹ ohùn sílẹ̀.

Ní ibi pẹpẹ, fèrèsé gíga kan fara pamọ́ fún ìjọ. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lójú ògiri bíríkì funfun tó tẹ̀ kọrọdọ, òjìji àgbélébùú irin tẹ́ẹ́rẹ́ á sì hàn lára rẹ̀. Iná mànàmáná tó bá tàn án láti iwájú á pa òjìji náà rẹ́. Mo ka èyí sí ìpalára gidi.

Eero, ọmọ Saarinen, ló ya ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi kún un ní 1962, lẹ́yìn ikú òun náà. Ó mú un rẹlẹ̀, kí ilé ìṣọ́ agogo lè máa dá yọ.

Ọ̀tá bíríkì níbẹ̀ ni òtútù. Omi tó bá di yìnyín ń fẹ̀ ní bíi ìdá 9 nínú 100. Bí wọ́n bá fi símẹ́ǹtì líle dí àárín bíríkì, ọ̀rinrin kò ní rí ibẹ̀ gbà jáde. Ojú bíríkì ni yóò máa ṣí. Àpòpọ̀ tó rọ̀ ju bíríkì lọ ló yẹ. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ họ èyí tó ti jẹrà jáde, kí jíjìn ibi tí wọ́n họ tó ìlọ́po méjì àbọ̀ fífẹ̀ àlàfo náà: àlàfo mìlímítà 10, kí wọ́n họ ọ́ dé 25, kí wọ́n fọ eruku rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì dí i ní ìpele-ìpele.