Bí mo ṣe ń já ọkọ̀ ẹrù sílẹ̀ lórí rélùwéè inú ọgbà láìfọwọ́ kàn án

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ béèrè títí, ó sú mi láti máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo bá gbé kámẹ́rà jáde. Bí a ṣe ń já ọkọ̀ ẹrù rélùwéè kékeré inú ọgbà sílẹ̀ sínú ẹ̀ka irin, ìyẹn irin tó yà kúrò lára ojú irin àgbà, tí a sì ń gbé èyí tó wà níbẹ̀ lọ, nìyẹn ni iṣẹ́ òní. Òfin kan ṣoṣo ni mo ní: ọwọ́ ò gbọdọ̀ kan ọkọ̀. Tí ẹ bá fọwọ́ gbé e láti ojú irin kan sí òmíràn, ẹ ò wa rélùwéè, ilé lẹ̀ ń palẹ̀ mọ́.

Mílímítà 45 ló wà láàárín irin mi méjèèjì, ìwọ̀n tí rélùwéè kékeré LGB ti Jámánì fi bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Bí wọ́n ṣe ń to irin sílẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní fìyẹn fi àkókò ṣòfò. Kí ẹ ṣáà rí i pé òkúta wẹ́wẹ́ ò há sẹ́nu oríta irin, ibi tí irin ti pín sí méjì tí a sì lè yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Búrọ́ọ̀ṣì lásán, ẹ gbá a, ó tán.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ́ńjìnnì ló ṣíwájú, ọwọ́ ọ̀tún yín ló ń lọ. Ọkọ̀ pupa tẹ̀ lé e, ọkọ̀ epo tẹ̀ lé pupa, ọkọ̀ pákó ló kẹ́yìn. Ẹ̀ka kìíní rèé, ọkọ̀ funfun kan tó ṣófo ló dúró síbẹ̀. A fẹ́ kí pupa wọlé, kí funfun jáde. Ẹ̀ka kejì wà níwájú lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni ọkọ̀ epo ń rè.

Ẹ gbé rìmóòtù sílẹ̀ ná. Ẹnu oríta lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ti ẹ̀ka kìíní, a gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu rẹ̀ ká tó lè fẹ̀yìn wọ inú rẹ̀. Ìyẹn dára, torí ẹ́ńjìnnì wà níwájú, ọkọ̀ wà lẹ́yìn, títì la máa tì í wọlé. Ẹ̀ka kejì ò rí bẹ́ẹ̀. Òun lanu sí wa bí a ṣe ń bọ̀. Tí ẹ bá wọ ọ́ báyìí, ẹ́ńjìnnì ni yóò kọ́kọ́ wọlé, ọkọ̀ á sì dí i mọ́ inú. Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ti máa ń yọ lójú ọ̀run wá gbé ọkọ̀! Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ó yá. Ẹ wà á díẹ̀díẹ̀ títí pupa á fi kù díẹ̀ kó dé oríta, kí ẹ dúró. A fẹ́ já pupa kúrò lára ọkọ̀ epo. Ọ̀pá oparun tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni irinṣẹ́ mi. Àwọn ọkọ̀ mi ní ìkọ́ oníka tó ń di ara wọn mú. Ẹ ti ọkọ̀ padà díẹ̀ kí ìkọ́ lè tú ara, ẹ ki ọ̀pá bọ àárín láti òkè, ẹ yí i. Ṣé ẹ gbọ́? Ká! Tí ìkọ́ bá ṣì le, tí ọkọ̀ ń fa ara wọn, kò ní ṣí láéláé, ẹ máa kàn ṣẹ́ ọ̀pá ni.

Ẹ́ńjìnnì àti pupa kọjá oríta pátápátá. Pátápátá ni mo wí o. Ẹ yí oríta sí ẹ̀ka, ẹ ti pupa padà wọlé títí á fi kan funfun. Ó kàn án? Ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ fà á wò! Ẹ rọra fa ẹ́ńjìnnì síwájú, kí ẹ wo bóyá funfun tẹ̀ lé e. Gbogbo ìgbà tí ìkọ́ bá pàdé ìkọ́, ẹ fà á wò. Àwọn tó ń gbójú fo èyí ni ọkọ̀ wọn ń já lẹ́yìn láìmọ̀.

Ó tẹ̀ lé e. Ẹ fà wọ́n jáde kọjá oríta, ẹ dá oríta padà sí ojú irin àgbà, kí ẹ ti gbogbo rẹ̀ padà títí funfun á fi so mọ́ ọkọ̀ epo. Ẹ fà á wò. Ẹ wá já pupa kúrò lára funfun, ẹ tún gbé pupa kọjá, ẹ yí oríta, ẹ tì í wọ ẹ̀ka, ẹ já a síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì nìkan jáde, ẹ dá oríta padà, ó lọ so mọ́ funfun. Ẹ rí i? Ẹ́ńjìnnì, funfun, epo, pákó. Kò sí ọwọ́ tó kan ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, ó tọ́ sí mi.

Ẹnìkan kọ ọ́ pé ẹ́ńjìnnì òun máa ń kú lórí oríta. Irin ló ń fún tìrẹ níná, àbí? Àárín ọ̀pọ̀ oríta ní ibi oníke tí iná kì í gbà kọjá, ẹ́ńjìnnì kúkúrú sì lè dúró pẹ́ síbẹ̀. Irin idẹ tí ojú rẹ̀ ti ṣú náà ń dí iná lọ́wọ́, ẹ nu ún. Bátìrì ló wà nínú tèmi, mi ò mọ wàhálà yẹn.

Ó wá ku ẹ̀ka kejì. Ẹ má bá a jà. Ẹ gbé ọkọ̀ epo kọjá rẹ̀ bó ṣe wà! Nígbà tí ẹ bá dé ìparí ojú irin, ẹ já ẹ́ńjìnnì, á gba irin ẹ̀gbẹ́ yí ọkọ̀ ká bọ́ sí òdìkejì, ọkọ̀ pákó ló máa kàn án báyìí, epo á tẹ̀ lé e, funfun á kẹ́yìn. Ẹ̀ka tó lanu sí yín nígbà tí ẹ ń lọ, ẹ̀yìn ló kọ sí yín nígbà tí ẹ ń bọ̀. Ẹ já funfun sílẹ̀ kí ẹ tó dé oríta, ẹ gbé pákó àti epo kọjá, ẹ tì wọ́n wọlé, ẹ já epo síbẹ̀, ẹ padà wá gbé funfun. Bí ti ìṣáájú gẹ́lẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ ohun tó máa gbóná sí yín lórí, ẹ ṣe eré Inglenook, eré títo ọkọ̀ rélùwéè kékeré, Alan Wright ló dá a sílẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́ta, ọ̀kan gba ọkọ̀ márùn-ún, méjì tó kù gba mẹ́ta-mẹ́ta, ọkọ̀ mẹ́jọ lápapọ̀. Ẹ fi ìbò mú márùn-ún, kí ẹ tò wọ́n bí ìbò ṣe wí. Ọ̀nà 6,720 ni ìbò yẹn lè gbà jáde, torí náà kò sí pé ẹ há a sórí.

Kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì, gbogbo oríta padà sí ojú irin àgbà o, kí ọkọ̀ tó bá sáré kọjá lọ́la má lọ kọlu pupa. Bátìrì kámẹ́rà ti ń pupa. Ẹni tó béèrè nípa ọ̀pá oparun, kò sí ibi tí wọ́n ti ń tà á, èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Ó dàbọ̀.