Dìgírì Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì: Ta Ni Yóò Gbà Á Lọ́wọ́ Yín?

Ní ọdún 1944, ọkùnrin ará Ìkẹ́nnẹ́ kan gba oyè B.Com., ìyẹn dìgírì nínú ìmọ̀ okòwò, ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Títí di ìgbà yẹn, kò tíì fi ẹsẹ̀ kan Lọ́ńdọ̀nù rí. Ó ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe akọ̀wé, ó ti ra kòkó tà, ó ti fi mọ́tò ṣòwò, gbèsè sì ti ká a mọ́ nídìí òwò náà. Ó ń dá kàwé nílé, ilẹ̀ wa níbí ló sì ti ṣe ìdánwò. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni mò ń sọ. Ọdún yẹn kan náà ló wá gbéra lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ òfin.

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin olùwòran wa. Mo fi Awólọ́wọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ nítorí ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn òbí wọn ń bi mí: "Ṣé dìgírì tí èèyàn gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níyì? Ṣé wọ́n á fi gbà mí síṣẹ́?" Láti ọdún 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò gbé nítòsí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn sílẹ̀ lọ́dún 1948, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, títí Ìbàdàn fi dá dúró lọ́dún 1962. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn èèyàn wa ti ń gba oyè ilé ẹ̀kọ́ tó wà lókè òkun. Ọ̀nà jíjìn kì í ba dìgírì jẹ́. Nǹkan mìíràn ló ń bà á jẹ́.

Lóṣù karùn-ún ọdún 2015, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí ilé iṣẹ́ kan ní Karachi lórílẹ̀-èdè Pakistan, Axact lorúkọ rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojúewé ni wọ́n ṣí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní yunifásítì. Àwọn òṣèré tí wọ́n sanwó fún ló ń ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n nínú fídíò. Kò sí kíláàsì, kò sí olùkọ́. Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí: wọ́n tún dá àwọn àjọ sílẹ̀ fúnra wọn, àwọn àjọ tó máa sọ pé àwọn fọwọ́ sí yunifásítì wọ̀nyẹn. Bí oníbàárà bá béèrè pé, "Ṣé ẹ ní ìfọwọ́sí?", wọ́n á ní, "A ní i," wọ́n á sì fi hàn án.

Nítorí náà, bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá sọ fún yín pé òun ní ìfọwọ́sí, ẹ má tíì dáwọ́ ìbéèrè dúró. Ìfọwọ́sí ta ni? Ta ló mọ ẹni tó fọwọ́ sí i?

Ẹ jẹ́ ká mú Amẹ́ríkà. Ìjọba ibẹ̀ kọ́ ló ń wọ inú yunifásítì lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn àjọ aládàáni ló ń ṣe é, ìjọba àpapọ̀ àti ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní CHEA á wá sọ àjọ tí àwọn mọ̀ àti èyí tí àwọn kò mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mọ̀ ni DEAC, tó ti wà láti ọdún 1926, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa yẹ ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn wò. Òun ló fọwọ́ sí University of the People lọ́dún 2014, yunifásítì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí oníṣòwò kan, Shai Reshef, dá sílẹ̀ lọ́dún 2009. Wọn kì í gba owó ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ á máa san owó ìdánwò lórí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ "ọ̀fẹ́" tí kò sì ka ìyókù, àárín ọ̀nà ni owó máa ká mọ́.

Àtijọ́, Amẹ́ríkà pín àwọn àjọ wọ̀nyí sí méjì, ti agbègbè àti ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ti agbègbè làwọn yunifásítì ńláńlá ń bọ̀wọ̀ fún jù. Láti oṣù keje ọdún 2020, ìjọba kò fi ìyàtọ̀ yẹn ṣe nǹkan kan mọ́. Àmọ́ àwọn yunifásítì mìíràn ṣì ń wò ó bí ẹ bá fẹ́ gbé kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ti ṣe wá sọ́dọ̀ wọn, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe másításì. Bó bá jẹ́ pé másításì lẹ ní lọ́kàn, ọ̀dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ ṣe másításì náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè, kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún dìgírì àkọ́kọ́.

Ní Nàìjíríà, àjọ NUC ló ń mójú tó yunifásítì, ìlẹ̀kùn méjì ló sì wà. Èyí àkọ́kọ́ ni àṣẹ tí wọ́n fún ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Èkejì ni ìfọwọ́sí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Bí NUC bá yẹ ẹ̀kọ́ kan wò tó sì gba máàkì 70 sókè nínú ọgọ́rùn-ún, ìfọwọ́sí kíkún ni, ọdún márùn-ún ló máa lò. Bó bá gba 60 sí 69, ọdún méjì péré ni wọ́n fún un kó fi tún ara ṣe. Èyí tí kò bá tó 60, wọn kò fọwọ́ sí i. Ẹ rí i pé yunifásítì lè jẹ́ ojúlówó kí ẹ̀kọ́ tí ọmọ yín fẹ́ kà níbẹ̀ má ní ìfọwọ́sí. Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ èyí. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n ń wò.

Ìtàn National Open University, yunifásítì ìjọba tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, tí gbogbo wa mọ̀ sí NOUN, ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ojúlówó ni, síbẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ jìyà. Ọdún 1983 ni ìjọba Ṣàgàrí fi òfin dá a sílẹ̀. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ológun gbàjọba, nígbà tó sì di oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba Buhari dá a dúró. Ó sùn fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọdún 2001 ni Ọbásanjọ́ jí i dìde, òun fúnra rẹ̀ sì di akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò lórí oyè. Lọ́dún 2018, nígbà tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ó gboyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ nípa ìsìn Kristẹni.

Wàyí o, àwọn kan lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní NOUN. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni. Wọ́n sanwó, wọ́n kàwé pẹ̀lú iṣẹ́ àti ọmọ lọ́rùn, wọ́n ṣe ìdánwò, wọ́n yege. Wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àwọn amòfin, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹ̀kọ́ òfin ló ni ilẹ̀kùn yẹn, kì í ṣe NOUN, wọn kò sì ka irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n kà sí èyí tó lè gbé èèyàn wọlé. Ẹni tó bá ní LL.B., ìyẹn dìgírì òfin, tí kò sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn amòfin kò lè dúró níwájú adájọ́ láti gbèjà ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà fà títí di oṣù Kejìlá ọdún 2018, kí wọ́n tó tún òfin NOUN ṣe pé kó wà ní ipò kan náà pẹ̀lú àwọn yunifásítì yòókù. Ààrẹ tó buwọ́ lu àtúnṣe náà ni Buhari, ẹni tí ìjọba rẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ yìí pa lọ́dún 1984.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn kò ra ayédèrú. Ohun tí wọn kò rí ni pé ẹni tó fún wọn níwèé àti ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ wọn kì í ṣe ẹnì kan náà. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó ní ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ ọ nìyẹn: COREN ń ṣọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, TRCN ń ṣọ́ ti tíṣà. Nọ́ọ̀sì tó ti ní ìwé àṣẹ tẹ́lẹ̀ tó fẹ́ fi dìgírì kún un lè kà á láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama tí wọ́n ní kó wá di nọ́ọ̀sì lórí fóònù, ẹ sá fún ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gún abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó, ẹ mọ ọ̀nà Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin dáadáa. Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan, Umar Audu, ròyìn bó ṣe gba dìgírì yunifásítì kan níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láìjókòó ní kíláàsì kankan. Ó tilẹ̀ fi ìwé náà wọ iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ọdún 2024 kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìjọba Nàìjíríà fi dá àyẹ̀wò dìgírì láti orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò dúró. Kútọnu kì í ṣe orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ọmọ tó jókòó ní kíláàsì lóòótọ́ níbẹ̀, tó kọ́ èdè Faransé, tó sùn lórí ìwé fún ọdún mẹ́ta. Ìwé tirẹ̀ àti ti ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rà á jọ há sínú àpò kan náà. Bí àwọn oníjìbìtì bá pọ̀ lágbègbè kan, olóòótọ́ ibẹ̀ náà á máa ṣàlàyé ara rẹ̀ ni.

Ó dáa, ká ní ilé ẹ̀kọ́ náà dájú, ẹ̀kọ́ náà sì ní ìfọwọ́sí. Ṣé á mú iṣẹ́ wá?

Èrò tèmi rèé. Ẹni tó jèrè rẹ̀ jù ni ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Tíṣà tó ní NCE, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ipò rẹ̀ kò lè gòkè mọ́ láìsí dìgírì, akọ̀wé báńkì: iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, ìrírí wà, ìwé ló kù. Irú wọn ni Yunifásítì Èkó ní lọ́kàn lọ́dún 1974 tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ náà sì ń ṣe é. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tí kò ṣe iṣẹ́ kankan rí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ohun púpọ̀ tí yunifásítì ń fún ọmọ kò sí nínú ìwé: ẹgbẹ́ tó máa pè é síṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lójú tó lè kọ lẹ́tà fún un, oṣù mẹ́fà tó fi kọ́ iṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ó lè ka ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ni kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́, kó ní iṣẹ́ tó ti ṣe tó lè tú sílẹ̀ fún èèyàn wò.

Ọ̀rọ̀ àgùnbánirọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn ní yunifásítì tó ń kọ́ni lójúkojú pẹ̀lú, lẹ́tà tó sọ pé wọn kò sí lára àwọn tó ń sìn ni NYSC ń fún wọn. Ojúlówó lẹ́tà ni. Síbẹ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé sàtífíkéètì ìsìnrú ìlú nìkan ni wọ́n mọ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ èyí kẹ́ ẹ tó wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sí Kánádà tàbí tẹ́ ẹ ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, WES tàbí UK ENIC, àwọn àjọ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò, ló máa yẹ sàtífíkéètì yín wò. Ohun tí wọ́n ń wò jù ni bóyá orílẹ̀-èdè tí ilé ẹ̀kọ́ náà wà mọ̀ ọ́n. Ìlú Ọba fúnra wọn ní Open University láti ọdún 1969, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kì í sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú arúgbó lálẹ́ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ́ ẹ rò pé àkókò ìwé ti kọjá, ẹ lọ wò ó.

Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí, ẹ mú ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ kọ orúkọ àwọn tó máa gba sàtífíkéètì náà lọ́wọ́ yín sí i: ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín, ẹgbẹ́ iṣẹ́ yín, ilé ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ lẹ́yìn náà, orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí í-meèlì, kó rí báyìí: "Mo fẹ́ ka ẹ̀kọ́ báyìí-báyìí ní yunifásítì báyìí-báyìí láti ọ̀nà jíjìn. Bí mo bá parí rẹ̀, ṣé ẹ máa gbà á?" Ẹ dúró kí wọ́n dáhùn. Bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá ń pè yín lórí fóònù pé ẹ̀dínwó ń parí lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kó parí.