Àkànlò-Èdè Gẹ̀ẹ́sì: Ta Lẹ Ń Sọ Ọ́ Fún?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ ń múra ìdánwò WAEC, ẹ kú ìjókòó. Yábàá níbí la wà, ilé iṣẹ́ WAEC ò jìnnà sí wa, mo sì mọ̀ pé ìbéèrè tó máa ń ní kẹ́ ẹ mú ìtumọ̀ àkànlò-èdè ló kó ọ̀pọ̀ yín wá. Ẹ ti há wọn sórí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó mọ ìtumọ̀ tí kò mọ ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ fún, yóò ṣì í lò dandan.

Ẹ wo "kick the bucket". Gbogbo yín mọ̀ pé kéèyàn kú ni. Ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́: ó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè ìgboro tí Francis Grose tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1785. Ẹ gbọ́ o, èdè ìgboro. Bí bàbá ọ̀rẹ́ yín bá ṣaláìsí, tẹ́ ẹ wá kọ èyí sínú ìwé ìbánikẹ́dùn, ẹ ti tàbùkù òkú. "Pass away" ló yẹ níbẹ̀. Àwa náà kúkú ní irú ẹ̀. Ọba a máa wàjà, àgbàlagbà a papò dà, èèyàn ńlá kú, a ní erin wó. Ta ló máa dé Ìga Ìdúngànrán tí yóò ní Kábíyèsí ta téru nípàá?

Ẹ má sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú àkànlò-èdè. Ẹnìkan kì í fi àdá kọ́rí, àáké la fi ń kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni "bucket" ò ṣe é sọ di "pail".

Mímọ orísun a máa ranni lọ́wọ́ níbi tó bá dájú. Orí ìje ẹṣin ni "win hands down" ti wá: ẹlẹ́ṣin tó ti fi àwọn yòókù sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá a dẹ ìjánu, a sọ ọwọ́ kalẹ̀, torí ó ti borí. Ibẹ̀ náà ni "neck and neck" ti wá, nígbà tí ọrùn ẹṣin méjì bá wà lọ́gbọọgba. Àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ èyí. Pápá ìje ẹṣin ni ibi tí Tafawa Balewa Square wà lónìí tẹ́lẹ̀. "The writing on the wall" ní tiẹ̀, ìyẹn àmì pé àjálù ń bọ̀, inú Bíbélì ló ti wá, Dáníẹ́lì orí karùn-ún, níbi àsè Bẹliṣásárì.

Olùkọ́ kan bi mí bóyá kí àwọn ọmọ máa kó àkànlò-èdè sínú àròkọ. Nínú ìtàn, bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nínú lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ wọn gbangba: ojú gọ́tà ti dí, ẹ bá wa kó o.