Ìgbà Wo Lẹ Ṣe Íńtáfíù Gbẹ̀yìn?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó ń wá ọ̀nà àtipadà sẹ́nu iṣẹ́ sọ nìyí, ní gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà, Ìbàdàn. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣeé kà.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ káàárọ̀ o. Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ bá mi nawọ́. Ta ló ti ṣe íńtáfíù láàárín ọdún márùn-ún sí ìsinsìnyí? Ọwọ́ mẹ́ta. Ọdún mẹ́wàá ńkọ́? Ó dáa. Àwọn wo ni tiwọn ti lé lógún ọdún? Háà! Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀ kó má baà ro yín. Ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtìjú tèmi ṣáájú. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi jókòó sí ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan. Èmi ni mo ń bi àwọn èèyàn léèrè, èmi ni mo ń wò wọ́n tòkè tilẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn tán, wọ́n pè mí fún íńtáfíù níbòmíràn. N kò múra rárá. Mo ní, kí ni wọ́n fẹ́ bi mí tí n kò tíì bi ẹlòmíràn rí? Mo jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, "Mà, ẹ sọ iṣẹ́ kan fún wa tó nira, tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe, ká gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe yanjú rẹ̀." Mo la ẹnu, kò sí nǹkan tó jáde. Ṣé n kò ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìnlá ni? Mo ṣe é, ó pọ̀ débi pé n kò mọ èyí tí mo lè fà yọ. Mo wá ń sọ pé "a máa ń ṣe báyìí, a máa ń ṣe bọ́hùn-ún". Ó kọ nǹkan kúkurú sínú ìwé rẹ̀. Mo mọ ohun tó kọ, nítorí èmi náà ti kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọn kò pè mí mọ́.

Nígbà tí mo délé, tí mo ro ó, mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí èèyàn bá pẹ́ níbi iṣẹ́ kan, gbogbo ẹni tó yí i ká ló mọ ohun tó lè ṣe. Bí ìṣirò kò bá dọ́gba, wọ́n á ní, "Ẹ lọ pe Mà Lágbájá wá." Kò sẹ́ni tó máa ní kí Mà Lágbájá wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọdún á gorí ọdún, ẹnu á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ròyìn ohun tí ọwọ́ ṣe. Ọwọ́ kò gbàgbé o. Ẹnu ló gbàgbé. Ẹnu náà la máa kọ́ láàárọ̀ yìí.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ti ṣiṣẹ́ báǹkì rí pọ̀ níbí, nítorí náà ọ̀dọ̀ yín ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí oṣù keje ọdún 2004. Charles Soludo, tó jẹ́ gómìnà báǹkì àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé owó ìdásílẹ̀ báǹkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Bílíọ̀nù méjì ni tẹ́lẹ̀. Báǹkì 89 ló wà. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, 25 ló kù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Co-operative Bank, níbí nílùú Ìbàdàn, dédé rí i pé ilé òun ti di ara Skye Bank lọ́dún 2006. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, báǹkì àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Skye, Polaris Bank sì dìde dípò rẹ̀.

Ẹ wá wo bó ṣe rí lórí tábìlì íńtáfíù. Ẹ kọ "Co-operative Bank" sínú CV yín. Ẹni tó ń kà á jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, kò rí pátákó báǹkì náà rí. Lójú rẹ̀, ó dà bíi pé ẹ sọ pé ilẹ̀ òkèèrè lẹ ti ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kó máa méfò. Ẹ to orúkọ náà tẹ̀ léra: Co-operative, tó di Skye, tó di Polaris, àti ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yí. Ẹ sì wá ọ̀gá yín àtijọ́ tó máa jẹ́rìí yín rí kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ pè é, ẹ bi í léèrè àlàáfíà, ẹ rán an létí iṣẹ́ tẹ́ ẹ jọ ṣe. Mo ti pe bàbá kan rí láti bèèrè nípa obìnrin tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá ní, "Ta nìyẹn?" Obìnrin náà kò mọ̀ títí dòní pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nílé báǹkì má sì rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, báǹkì àpapọ̀ tún gbé òmíràn jáde: bílíọ̀nù 500 fún àwọn tó ń dá òwò dé òkè òkun, 200 fún àwọn tí tiwọn mọ sí Nàìjíríà. Ẹ fi etí sílẹ̀.

Ó dáa, ẹnu la sọ pé a fẹ́ kọ́. Ta ló ti jókòó ti ọdẹ rí nígbà tó ń ròyìn igbó? Ọdẹ kì í sọ fún yín pé òun láyà. Á ní lóru ọjọ́ náà, òṣùpá kò yọ. Á ní ọta kan ṣoṣo ló kù lápò. Á ní ojú ẹran ń tàn yanran nínú iná orí òun, àmọ́ atẹ́gùn ń fẹ́ láti ẹ̀yìn òun lọ sọ́dọ̀ ẹran, bóun bá dúró síbẹ̀ ẹran á gbóòórùn òun, lòun bá rọra yí gba ìdí ọ̀pẹ. Kó tó parí ọ̀rọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ní, "Ọkùnrin yìí mà láyà o!"

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ìwé kan máa ń wà níwájú ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò. Ìbéèrè wà lápá kan, àyè máàkì wà lápá kejì. Bí ẹ bá ní, "Mo máa ń ṣiṣẹ́ kára, olóòótọ́ ni mí, mo lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́," n kò rí nǹkan kọ. Èèyàn méje ti sọ ọ́ láàárọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ọjọ́ Jímọ̀ ni, aago mẹ́rin ti fẹ́ẹ́ lù, 50,000 náírà kò sí nínú ìṣirò, ẹ kó ìwé gbogbo tẹ́là jọ, ẹ ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ fi rí i pé ẹnì kan kọ 60,000 síbi tó yẹ kó kọ 10,000, bírò mi á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bẹ́ ẹ bá tún wá fi kún un pé láti ọ̀sẹ̀ kejì lẹ ti ní kí ẹnì kejì máa yẹ̀ ẹ́ wò kí tẹ́là tó ti àpótí, máàkì ti pé nìyẹn.

Ìyá kan wá sọ́dọ̀ mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ó fẹ́ lọ ṣe íńtáfíù ní microfinance bank kan, irú báǹkì tó ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó. Nínú CV rẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án ṣófo. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ wà?" Ó wolẹ̀, ó ní, "Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó jẹ́wọ́ olè. Mo ní kó mú ìwé tó fi ń tajà wá fún mi. Ìwé gígùn kan ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Gbogbo ẹni tó gba àwìn ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ti san, bírò búlúù. Ẹni tó ṣì jẹ ẹ́, bírò pupa. Mo wá rí i pé àwọn orúkọ kan ní òdo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kí nìyẹn? Ó ní, "Àwọn tí mo gbọ́dọ̀ pè lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó san ni. Ẹni tó bá ti ní òdo méjì, n kì í gbé ọjà fún un mọ́ àyàfi tó bá san ìdajì sílẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tí báǹkì yẹn fẹ́ gbà yín sí gan-an lẹ ti ń ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án?" Ó wò mí bíi pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. A kọ ọ́ sínú CV, kedere, láìfi ohunkóhun bò: òwò aṣọ, ọjà Gbági, ọdún báyìí sí ọdún báyìí. Nígbà tí wọ́n bi í bó ṣe máa ṣe pẹ̀lú oníbàárà tí kò san gbèsè, ó sọ ọ̀rọ̀ òdo méjì fún wọn. Wọ́n gbà á.

Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ àìsàn, tàbí ọmọ títọ́, tàbí ìyá àgbà tó ń tọ́jú, kò ju gbólóhùn méjì lọ: ohun tó gbé mi jókòó nìyí, ó ti parí, mo ti ṣe tán. Ẹ má sọ orúkọ oògùn, ẹ má dárúkọ ẹbí ọkọ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ohun kan wà tó ń yọ wá lẹ́nu jù, ìyẹn "a". Wọ́n tọ́ wa pé ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi wá ní ohun tí a ṣe, a ó ní "a parí rẹ̀", "a gba owó náà padà". Ẹni tó ń gbọ́ yín kò mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ ṣe é àbí ẹ kàn wà níbẹ̀. Àwọn àgbà wa náà ló ní ẹnìkan kì í jẹ́ "àwa dé". Ẹ sọ ohun tí ẹgbẹ́ ṣe pẹ̀lú "a", ẹ sì sọ èyí tí ọwọ́ yín ṣe pẹ̀lú "mo".

Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ béèrè. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́sàn-án na ọjà ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á ti dógùn-ún díẹ̀. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tó bá wá bá mi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ìtàn náà ní Yorùbá, nítorí Yorùbá ni wọ́n fi gbé e sí ọkàn. Bí ẹ bá fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, gírámà lẹ ó máa wá kiri, òdo méjì yẹn ò ní yọjú. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá títí gbogbo rẹ̀ á fi jáde, kẹ́ ẹ tó wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ gbà á sílẹ̀ lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Àkọ́kọ́ kì í dùn-ún gbọ́. Tèmi bà mí nínú jẹ́.

Ọmọdé ló ṣeé ṣe kó jókòó síwájú yín. Ẹ má pè é ní "ọmọ mi", ẹ má sọ pé àbíkẹ́yìn yín jù ú lọ. "Mà" tàbí "Sà" kò bu àgbà kù. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àmọ́ àkísà tẹ́ ẹ kì mọ́ inú àpótí, ta ló máa mọ̀ pé ẹ ní in?

Íńtáfíù orí fóònù wá ńkọ́, ti Zoom yẹn? Mo bá bàbá kan dán an wò, ihò imú rẹ̀ àti fáànù òkè àjà ni mo rí fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ gbé fóònù ka orí agolo Bournvita méjì kó lè bá ojú yín dọ́gba. Kí fèrèsé wà níwájú yín, kó má wà lẹ́yìn. Ẹ bẹ aládùúgbò kó sún jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ síwájú díẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ sọ fún wọn láìfòyà, ojú gbogbo wa ló rí i ní Nàìjíríà.

Owó oṣù: ẹ má fi ti àtijọ́ díwọ̀n. Owó oṣù tó kéré jù lọ jẹ́ 18,000 náírà lọ́dún 2011, ó di 30,000 lọ́dún 2019, ó di 70,000 lọ́dún 2024. Ẹ bi ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà lọ́wọ́lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá iye tí wọ́n dá jẹ́ kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, nítorí ó kéré tán, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lòfin ọdún 2014 ní kí wọ́n máa yọ lára òṣìṣẹ́ fún ìfẹ̀yìntì, kí agbanisíṣẹ́ fi mẹ́wàá kún un. Nọ́ńbà ìfẹ̀yìntì yín àtijọ́ náà ni wọ́n á ṣì lò, ẹ wá a rí. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ san owó fọ́ọ̀mù kó tó rí yín, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Mo wá ní kí olúkúlùkù kọjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó ròyìn iṣẹ́ kan fún un. Gbọ̀ngàn pariwo. Bàbá kan níwájú, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ẹlẹ́rọ omi, bẹ̀rẹ̀: "Lọ́jọ́ tí páìpù ńlá bẹ́ ní Elẹ́yẹlé, a kọ́kọ́ ti..." Ìyá tó jókòó tì í dá a lẹ́nu dúró. Ó ní, "Bàbá, ta ni 'a'?"

Bàbá dákẹ́. Ó bọ́ fìlà, ó gbé e sórí itan. "Èmi ni," ó ní, "èmi àti ọmọkùnrin kan tó ń gbé tọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo wọ inú kòtò."