Wíìgì Orí Yelena Khanga

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Manchester la wà, òjò ò dá láti àárọ̀, mo sì ti ti ilẹ̀kùn yàrá kí àwọn ọmọ má bàa já lu ọ̀rọ̀ wa. N ò gbàlejò lónìí. Èmi àti ẹ̀yin ni.

Obìnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa, àwa méjèèjì la jọ máa ń ṣiṣẹ́ òru. Yorùbá ni bàbá rẹ̀. Ó lọ kàwé ní Moscow láyé Sófíẹ́ẹ̀tì, ó bá ìyá rẹ̀ pàdé níbẹ̀, ó sì padà sílé kí ọmọ tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Ọ̀dọ̀ ìyá lọmọ dàgbà sí. Lóru ọjọ́ kan a jókòó, à ń mu tíì, orí ń yún mi, mo bá ṣí wíìgì mi kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó wo wíìgì yẹn títí, ó wá bi mí bóyá mo mọ Yelena Khanga. Mo ní n ò mọ̀ ọ́n.

Ó ní ọmọ ọdún mọ́kànlá lòun ní 1997, òun a máa dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́gànjọ́, òun á yọ́ kẹ́lẹ́ dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, òun á wá máa yọjú wo tẹlifíṣọ̀n tí ìyá òun ń wò. Ètò náà kì í ṣe tọmọdé. Pro eto ni wọ́n ń pè é, ká sọ pé "Nípa Ìyẹn", lórí NTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Rọ́ṣíà, ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀ láìfi bò. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ lòun tìtorí ẹ̀ dìde. Obìnrin tó ń darí ètò lòun wá wò, nítorí dúdú ni. Ẹnì kan ṣoṣo tó jọ òun lórí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn, wọ́n sì ti fi wíìgì funfun bíi tòyìnbó bo irun rẹ̀, wọ́n fi lẹ́ǹsì búlúù sí i lójú. Irun tí wọ́n bò yẹn gan-an lòun ń wá.

Ẹ̀yin ará, tíì mi tutù síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kà nípa Khanga, ẹ sì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ bàbá ìyá rẹ̀. Oliver Golden lorúkọ bàbá yẹn, ọmọ Mississippi, ẹni tí bàbá tirẹ̀ ti ṣẹrú rí, tó gbòmìnira, tó sì wá dẹni tó nílẹ̀. Golden kàwé ní Tuskegee, ilé ẹ̀kọ́ àwọn dúdú ní Alabama, níbi tí George Washington Carver, gbajúmọ̀ onímọ̀ ọ̀gbìn, ti ń kọ́ni. Ó fẹ́ Bertha Bialek, ọmọ Júù tí wọ́n bí ní Poland, tó ń gbé ní New York. Ọkọ dúdú, ìyàwó funfun, ní Amẹ́ríkà ìgbà yẹn! Òfin Mississippi ò gbà á rárá, wọ́n sì ń so èèyàn dúdú rọ̀ sórí igi lórí ohun tí ò tó bẹ́ẹ̀. Ní 1931, Golden kó àwọn dúdú bíi tirẹ̀ tó mọṣẹ́ àgbẹ̀ jọ, wọ́n wọkọ̀ ojú omi, wọ́n forí lé Uzbekistan, tó wà lábẹ́ Sófíẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn, nítorí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ń wá àwọn tó mọ̀ nípa òwú. Iṣẹ́ ọdún díẹ̀ ni. Àjò ò lè dùn kónílé má relé, bẹ́ẹ̀ náà la máa ń wí. Àmọ́ wọ́n bí Lily fún wọn ní Tashkent níbẹ̀ ní 1934. Ilé wo ni wọ́n fẹ́ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ? Wọ́n jókòó. Ibẹ̀ ni Golden kú sí ní 1940.

Ibí yìí ni mo ti pa ìwé dé lọ́jọ́ yẹn. "Ọdún méjì péré ni, Màámi." Ohun tí mo sọ fún ìyá mi ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà nìyẹn, ní 2008.

Lily kàwé, ó di onímọ̀ ìtàn, ó ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Moscow. Ó fẹ́ Abdulla Kassim Hanga, ọmọ Zanzibar, erékùṣù kan ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, tó wá kàwé, wọ́n sì bí Yelena ní 1962. Ìjọba yí ní Zanzibar ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1964, Hanga di olórí ìjọba fún oṣù díẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tí wọ́n jọ gbàjọba ló yíjú sí i, wọ́n mú un, wọ́n pa á. Ọmọ ò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ìyá àti ìyá àgbà ló tọ́ ọ dàgbà ní Moscow.

Iṣẹ́ ìròyìn ló kọ́ ní Yunifásítì Moscow, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìwé ìròyìn Moscow News. Nígbà tí Gorbachev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, tú okùn díẹ̀, wọ́n rán an lọ sí Boston, sí ìwé ìròyìn Christian Science Monitor. Amẹ́ríkà yẹn ló ti wá ẹbí Golden rí, àwọn dúdú, tó tún wá ẹbí Bialek, àwọn Júù. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ Rọ́ṣíà pọ́ńbélé wọlé, ó ní ẹ̀jẹ̀ yín lèmi.

Ẹ wá padà sórí tẹlifíṣọ̀n. Ní 1986, wọ́n fi sátẹ́láìtì so gbọ̀ngàn kan ní Leningrad pọ̀ mọ́ òmíràn ní Boston, Vladimir Pozner ló darí ètò ní Leningrad, Phil Donahue ló darí ti Boston. Obìnrin kan ní Leningrad sọ pé kò sí ìbálòpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ẹ̀rín bo ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, gbólóhùn yẹn sì di ohun tí gbogbo Rọ́ṣíà ń fà yọ. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni Khanga jókòó níwájú kámẹ́rà, tó ń bi tọkùnrin tobìnrin léèrè ohun tí wọn ò jẹ́ sọ létí ìyá wọn.

Ta ló lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn? Èmi ò rò pé wọ́n ṣèèṣì mú un. Bó bá jẹ́ obìnrin funfun tó jọ àǹtí ilé kejì, ojú á ti gbogbo aráàlú. Wọ́n wá gbé ọ̀rọ̀ ìtìjú lé ẹni tí wọ́n lè wò bí àlejò lórí, wọ́n tún fi wíìgì àti lẹ́ǹsì kún un, kó má jọ ẹnikẹ́ni láyé. Ó dùn mí. Síbẹ̀, bó bá ti lanu báyìí, èdè Rọ́ṣíà tó ń sọ, tìyá rẹ̀ ni, kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnì kankan. Ohùn yẹn ni àwọn èèyàn gbọ́ tí wọ́n fi sọ tinú wọn. Èmi fúnra mi ka ìyẹn sí iṣẹ́ ńlá. Ètò náà dópin ní 2000, Khanga bọ́ sórí òmíràn tó ń jẹ́ Printsip Domino ní 2001, lórí NTV kan náà.

Wíìgì tèmi, pọ́ùn márùndínlógójì ni mo rà á ní 2009, nígbà tí mo ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Obìnrin tó gbà mí síṣẹ́ ní irun mi "mọ́ tónítóní". N kò jẹ́ ṣí i mọ́ fún ọdún mẹ́jọ. Rọ́bà rẹ̀ fi ìlà sí mi níwájú orí. Bí mo bá fọwọ́ kàn án báyìí, ó ṣì wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin ibi iṣẹ́ wa yẹn ṣàlàyé nǹkan kan fún mi. Ní Rọ́ṣíà, orúkọ bàbá ló ń tẹ̀lé orúkọ ẹni. Bí wọ́n bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún Khanga, Yelena Abdulayevna ni wọ́n ń pè é. Bàbá tí kò mọ̀ dáadáa, tí wọ́n pa ní Zanzibar, lẹ́nu akọ̀wé, lẹ́nu olùkọ́, lẹ́nu ẹni tó ń tajà. Mo ní, ìwọ náà ńkọ́? Ó fa páálí pásípọ́ọ̀tì rẹ̀ àtijọ́ yọ nínú báàgì, ó nawọ́ sí i. Lẹ́tà àwọn ará Rọ́ṣíà ni wọ́n fi kọ ọ́, n kò lè kà á, ó wá kà á sí mi létí: orúkọ Yorùbá ni, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Adé, ó parí sí "-ovna".

Mo ní kó tún un pè. Ó tún un pè.