Ewédú Kọ̀, Kò Hù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró kan lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má fòyà, ìkòkò ni. Mo gbé omi kaná. Ẹ máa tó mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà, ni mo wà, ní agbègbè Alief. Bí èèyàn bá dé òpópónà Bissonnet, á ra irú, á ra ẹ̀lùbọ́, á dirun, láì sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan. Ewédú náà wà níbẹ̀, àmọ́ èyí tó ti dì gbagidi nínú fírísà ni, tàbí èyí tí wọ́n sá gbẹ. Ìyẹn ló fa ọ̀rọ̀. Mo ní màá gbin tèmi.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí. Bàbá mi roko, bàbá tó bí bàbá mi roko. Mo rò pé iṣẹ́ náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Kò sí níbẹ̀ o.

Ilẹ̀ ibí ló kọ́kọ́ fojú mi rí màbo. Amọ̀ dúdú ni. Bí òjò bá rọ̀, á lẹ̀ mọ́ bàtà bí iyán àná. Bí oòrùn bá pa á, á là, ojú ibi tó là á gba gbogbo ọwọ́ mi. Ni mo bá ń ra ilẹ̀dú ní àpò-àpò, mo ń dà á sínú àpótí onígi. Ọkọ mi jókòó, ó ṣírò owó náà, ó ní ewé kọ̀ọ̀kan tí a bá já níbẹ̀ á tó dọ́là méjì. N kò dá a lóhùn.

Bí òtútù kò bá pa nǹkan, ooru á pa á. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí yìnyín bo Texas tí iná mànàmáná sì lọ, igi ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo ti ń kẹ́ láti ọdún mẹ́ta kú lóòró. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjì Beryl dé, ó tẹ́ ilá mi sílẹ̀ bí ẹní. Tòmátì ní tirẹ̀ á tanná rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n tí òru bá ti gbóná jù, gbogbo òdòdó á rẹ̀ dànù láì so.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dé orí elégédé. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀. Àfòpiná kan wà níbí tó ń fò lọ́sàn-án gangan, ó jọ agbọ́n. Ìdí ìtàkùn elégédé ló ń yé ẹyin sí. Ọmọ rẹ̀ á lu ìtàkùn wọlé, á máa jẹ inú rẹ̀. Láàárọ̀ ẹ máa rí elégédé tó ń dán, tó bá di ọ̀sán gbogbo ewé rẹ̀ ti sorí kọ́. Mo fi ọ̀bẹ la ìtàkùn kan, mo bá ọ̀gbẹ́ni náà nínú ibẹ̀: ó funfun, ó sanra, orí rẹ̀ dúdú, ó nà gbalaja bí ẹni tó jẹun ìnáwó. Igbe tí mo ké, aládùúgbò yọjú lórí ọgbà.

Àmọ́ ewédú ló dùn mí jù. Mo gbin èso rẹ̀, mo ń bomi rin ín. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, koríko nìkan ló ń hù. Mo pe Màámi lórí WhatsApp.

“Ṣé o ti omi gbígbóná bọ̀ ọ́?”

“Omi gbígbóná kẹ̀, Màámi? Ṣé ẹ fẹ́ kó jinná ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí mo fi rò pé fóònù ti já. Wọ́n ní èèpo èso ewédú le, bí omi gbígbóná kò bá jí i, inú ilẹ̀ ni yóò sùn sí. Wọ́n ní kí n dì í sínú aṣọ, kí n rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kí n ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, kí n yọ ọ́ kíá, kí n sá a sí ibòji. “Ta ló kọ́ ẹ pé wọ́n ń gbìn ín bẹ́ẹ̀?” Ìbéèrè yẹn ṣì ń dún létí mi.

Mo ṣe é, ó sì hù! Ọjọ́ mélòó kan, ó ti yọ etí méjì-méjì. Mo yà á ní fọ́tò bí ọmọ tuntun. Nígbà tó ga dé orókún mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo dé láti ibi iṣẹ́ òru, mo fà á tu pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ wú ní kókó-kókó bí ìlẹ̀kẹ̀. Aràn inú ilẹ̀ ni, èyí tí ojú lásán kì í rí. Ewédú àti ilá wà lára ohun tó fẹ́ràn jù.

N kò lè dáná lọ́jọ́ náà. Mo wakọ̀ lọ sí Bellaire, sí ilé oúnjẹ àwọn ará Vietnam kan tí mo máa ń yà sí. Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń jẹ phở nílé wọn, ìyẹn sì bá èmi oníṣẹ́ òru mu. Ẹ fojú inú wo abọ́ ńlá kan, omi ẹran tí wọ́n fi eegun màlúù sè fún wákàtí rẹpẹtẹ, pẹ̀lú atalẹ̀ àti àlùbọ́sà tí wọ́n kọ́kọ́ fi iná jó lára. Núdù ìrẹsì wà nísàlẹ̀, ẹran tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lókè, omi gbígbóná náà ló ń sè é lójú ẹ. Wọ́n á gbé àwo ewé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ: ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ata, ọsàn wẹ́wẹ́, àti ewé kan tó jẹ́ ìbátan ẹfinrin. Ẹ já a, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ ó mọ̀. Omi ẹja tí wọ́n ń wọ́n sí i ń ṣe iṣẹ́ tí irú ń ṣe fún wa, ìyẹn ni pé kò gbọ́dọ̀ kan aṣọ ẹni. Kò sí ẹni tó ń múra lọ síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń wo ẹnu rẹ. Gbogbo èèyàn ló ń fà á ṣùrùrù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo pe phở ní ohùn tó wù mí, ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ rọra tún un pè fún mi. Ohùn ń yí ìtumọ̀ padà lọ́dọ̀ wọn bíi tiwa, àwa tí a mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ àti ọkọ̀ kò gbọdọ̀ bínú.

Ìyá àgbà kan máa ń jókòó sí tábìlì ẹ̀yìn. Bà ni gbogbo wọn ń pè é, ìyẹn ìyá àgbà, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó ń jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò sí nínú ohun tí wọ́n ń tà. Ó gbé ṣíbí sókè. Ọbẹ̀ náà fà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó fà láti ṣíbí dé inú abọ́, ó já, ó tún fà!

Mo dìde láì mọ̀. Mo ní, “Mama, kí nìyí?” Ọmọ ọmọ rẹ̀ bá wa túmọ̀. Rau đay ni wọ́n ń pè é. Akàn inú oko ìrẹsì ni wọ́n gún, tí wọ́n sẹ́ omi rẹ̀, tí wọ́n fi se é, ewé amúnútutù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ewé amúnútutù o! Ó ní ọbẹ̀ ìgbà ooru ni, ó ń tu ara. Ìkàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá náà bù ú fún mi. Wọn kò fi ìjábẹ̀ jà á, odindi ewé ni, àmọ́ ewédú ni, kò sí àníàní.

Kí n má parọ́, inú bí mi díẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé orílẹ̀-èdè yìí ni mo ti ń gbèjà ewédú lọ́wọ́ àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ mi tó ń pè é ní ikun. Mo ti sọ ọ́ di tèmi. Nígbà tí mo ròyìn fún nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi tó jẹ́ ará Philippines, ó kàn wò mí, ó ní, “Saluyot? Ìyá mi ń sè é.” Àwọn ará Íjíbítì náà ń pè é ní mulukhiyah. Èmi nìkan ni n kò gbọ́.

Mo fi fọ́tò gbòǹgbò yẹn han Bà. Ó wò ó, ó mi orí, ó ní àpótí yẹn ti bàjẹ́, kí n gbé e jù sílẹ̀ fún ọdún kan, kí n lo ilẹ̀ mìíràn. Ogun ló lé e kúrò nílé lọ́mọdé, lẹ́yìn tí Saigon, olú ìlú Gúúsù Vietnam, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Àríwá ní ọdún 1975, ó sì ti ń gbin nǹkan sínú amọ̀ Houston yìí láti ìgbà náà. Ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú pépà ìnuwọ́ tó ká, ó tẹ̀ ẹ́ sí mi lọ́wọ́. Èso ni, ó rí wínníwínní, ó pa àwọ̀ tó sún mọ́ búlúù. Mo bi ọmọ ọmọ rẹ̀ bóyá wọ́n ń ti omi gbígbóná bọ̀ ọ́. Ó bi í. Ìyá náà wò mí bí Màámi ì bá ṣe wò mí.

Ó ti hó. Ẹ gbọ́ ọ? Aṣọ ti wà lọ́wọ́ mi, èso wà nínú rẹ̀. Ó yá: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún.