Ojúlé Kan, Ẹgbẹ̀rún Ayálégbé: Àdírẹ́ẹ̀sì IP àti Ìkànnì Tó Tìlẹ̀kùn Mọ́ Wa

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́, kó pa wáìfáì, kó tan dátà, kó wọ Google, kó sì tẹ "what is my IP" síbẹ̀. Bí nọ́ńbà ò bá jáde fúnra rẹ̀, ẹ ṣí ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì tó bá yọ. Ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n fi dọ́ọ̀tì pín. Ẹni tó bá rí èyí tó gùn gbọọrọ, tí lẹ́tà wà nínú rẹ̀, kó ní sùúrù fún mi, a máa dé ibẹ̀.

Màmá kan tó wọ àdìrẹ níwájú ka tiwọn sókè. Wọn ò tíì kà á tán tí ọ̀dọ́kùnrin kan fi pariwo láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn pé, "Sà, tèmi náà nìyẹn!" Àwọn méjèèjì ò mọra wọn rí. Ohun kan ṣoṣo tó pa wọ́n pọ̀ ni pé nẹ́tíwọ̀kì kan náà ni wọ́n ń lò. Ohun tí mo wá bá yín sọ lónìí kò ju ohun tí ẹ fojú ara yín rí yẹn lọ. Nọ́ńbà tí àwọn ìkànnì fi ń dá wa mọ̀ kì í ṣe tiwa nìkan, ìdí nìyẹn tí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan fi lè di ìyà ẹgbẹ̀rún èèyàn ní ilẹ̀ wa níbí.

Kí ni àdírẹ́ẹ̀sì IP gan-an? Bí ẹ bá ṣí ìkànnì kan, iṣẹ́ ni fóònù yín rán lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ní ibi tí èsì máa gbà padà wá. Ibi tí èsì máa padà sí yẹn ni àdírẹ́ẹ̀sì IP. Kò ní orúkọ yín nínú, kò sọ ọjọ́ orí yín, kò mọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́. Ojúlé ni. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì yín nìkan ló ní àkọsílẹ̀ tó lè sọ ẹni tó ń gbé yàrá wo ní aago mélòó. Màá máa fi 203.0.113.25 ṣe àpẹẹrẹ, torí pé wọ́n ti ya àwọn nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn sọ́tọ̀ fún ìwé àti ẹ̀kọ́, kò sí ilé ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ọdún 1981 ni wọ́n gbé ìlànà nọ́ńbà mẹ́rin yìí kalẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè jẹ́ 0 títí dé 255, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ pọ̀, 4,294,967,296 ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà àwọn yunifásítì àti ti ológun Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀ nígbà tí ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀dó ni wọ́n ṣe pín in: ẹni tó kọ́kọ́ dé gba tirẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. MIT, yunifásítì kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà, gba gbogbo nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 18. Mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún àti ààbọ̀ ó lé nìyẹn, fún ilé ẹ̀kọ́ kan! Apple ló ni gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 17. Ọdún 2017 ni MIT tó kéde pé ọ̀pọ̀ nínú tòun lòun ò lò, òun máa ta lára rẹ̀.

Àwa ńkọ́? Ọdún 2005 ni AFRINIC tó gba àṣẹ, àjọ tó ń pín nọ́ńbà fún ilẹ̀ Áfíríkà láti erékùṣù Mauritius. Aládùúgbò wa, ọmọ Tógò, Adiel Akplogan, ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ọdún mẹ́fà tó pé lẹ́yìn ìyẹn, àpò àgbáyé ti gbẹ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2011, ìdì márùn-ún péré ló kù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ti MIT, wọ́n sì fún àjọ márààrún tó ń pín nọ́ńbà káyé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìdì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 102 ló kan Áfíríkà. Ẹ wo fóònù yín, ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀, tàbí kí tiyín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 41, 105, 196 tàbí 197. Nàìjíríà nìkan ju 200 mílíọ̀nù èèyàn lọ. Báwo la ṣe fẹ́ fi ìwọ̀nba yẹn yí gbogbo wa ká?

Ohun tí onílé tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré máa ń ṣe ni àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ṣe. Wọ́n kọ́ yàrá pọ̀, wọ́n fi géètì kan ṣoṣo sí i. Nínú ọgbà, fóònù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí 192.168 tí ẹ máa ń rí lára ráútà ilé yín, tàbí 100.64 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dún 2012 fún àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì. Àwọn nọ́ńbà inú ilé wọ̀nyí kò jáde síta rárá. Géètì ló ń kọ ọ́ sínú ìwé pé "iṣẹ́ yìí, yàrá kẹta ló rán an," kí ó lè mọ ibi tí èsì ń lọ. Lójú ẹni tó wà níta, géètì nìkan ni wọ́n ń rí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ilé oníyàrá méjìlá la gbé. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi rán mi lọ ra ata rodo àti tàtàṣé lọ́dọ̀ ìyá aláta tó wà níwájú ilé. Mo na owó sí wọn. Wọn ò gbà á. Wọ́n ní, "Ilé tó ní géètì aláwọ̀ ewé yẹn lo ti wá, àbí? N ò tà fún yín mọ́." Ẹnì kan nínú ilé wa ti ra ata àwìn fún oṣù méjì, ó sì ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Ìyá mi ò jẹ gbèsè kọ́bọ̀. Mo gbé abọ́ òfìfo padà wálé. Ìdènà IP, ìyẹn kí ìkànnì tìlẹ̀kùn mọ́ nọ́ńbà kan nítorí ohun tí ẹnì kan ti ibẹ̀ ṣe, kò yàtọ̀ sí èyí. Ìyá aláta ò mọ yàrá tí kálukú wa ń gbé, géètì ni wọ́n mọ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí odindi orílẹ̀-èdè rí. Bí ọdún 2006 ṣe ń parí lọ, alábòójútó kan lórí Wikipedia, ìwé ìmọ̀ orí ayélujára tí ẹnikẹ́ni lè tún kọ, dènà àdírẹ́ẹ̀sì kan tí ìbàjẹ́ ti ń wá. Kò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ará Qatar ń gbà wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń rí ìwé kà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àkáǹtì níbẹ̀ kò lè tún nǹkan kan kọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ariwo, kò pẹ́ tí wọ́n fi tú u.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan kùn pé wọ́n kórìíra wa ni. N ò ní purọ́ fún yín, àwọn ìkànnì kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí nọ́ńbà tó wá láti Nàìjíríà, wọ́n á tìlẹ̀kùn láìbéèrè. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ tán: àwọn ọmọ wa tó ń jókòó sí yàrá ní òru, tí wọ́n ń fi káàdì ẹlòmíì rajà, ló ń ba géètì jẹ́ fún gbogbo ilé. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọmọ tó ń wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sí òkè òkun, tí fọ́ọ̀mù kò ṣí fún un, òun ni kò rí oorun sùn.

Ó yá, ká wá sórí ohun tí a lè ṣe. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ ẹni tó tìlẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré lọ gbé VPN, ápù tó ń fi ojúlé mìíràn bo tiyín, wálẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ìkànnì náà ló dákú fún gbogbo ayé. Bí nọ́ńbà 403 bá yọ lójú fóònù yín dípò ìkànnì náà, wọ́n rí yín, wọ́n sì kọ̀ fún yín. Bí ẹ bá rí 429, ẹ̀yin tàbí ẹlòmíì nínú ọgbà yín ti kan ilẹ̀kùn ní àkànjù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, ó sábà máa ń ṣí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nẹ́tíwọ̀kì mìíràn dán an wò. Bí ó bá ṣí lórí ọ̀kan tó kọ̀ lórí èkejì, ọ̀rọ̀ IP ni. Bí ó bá kọ̀ lórí gbogbo rẹ̀, tó sì ń ṣí fún ọ̀rẹ́ yín tó lo àkáǹtì tirẹ̀, àkáǹtì yín ni wọ́n dè. Bí ó bá sì kọ̀ lórí gbogbo nẹ́tíwọ̀kì Nàìjíríà, tó ń ṣí ní Kùtọnu, ẹ rántí Twitter: láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022, ìjọba wa ló ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì gbégi dínà. Twitter kọ́ ló lé wa. Ilé Ẹjọ́ ECOWAS sì sọ lẹ́yìn náà pé ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ IP, ẹ tẹ àmì ọkọ̀ òfuurufú orí fóònù yín, ẹ kà dé ọgbọ̀n, ẹ pa á. Nẹ́tíwọ̀kì lè fi yín sí ẹnu géètì mìíràn. Ẹni tó ń lo ráútà nílé, kó pa á fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó tan án padà. Ọ̀pọ̀ ìdènà ló ń parí síbẹ̀.

Bí nọ́ńbà tuntun náà bá tún bọ́ sínú ìdènà lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ wo inú ilé yín. Ápù tí ẹ gbé wálẹ̀ láti ibi tí kò dájú lè máa rán iṣẹ́ ìbàjẹ́ jáde láti inú fóònù yín, láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ yọ ọ́.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni lẹ́tà, òun gan-an làwọn èèyàn wa kì í fẹ́ ṣe. Wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Ẹ kọ ọ́ ní ìlà mẹ́rin: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ìkànnì yín kò ti ṣí fún mi. 403 ni mo ń rí. Orí dátà fóònù ni mo wà, nọ́ńbà mi nígbà yẹn ni 203.0.113.25, ọ̀pọ̀ èèyàn la sì jọ ń lò ó." Bí ẹ bá rí àmì tí wọ́n pè ní Ray ID nísàlẹ̀ ojú ìwé náà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, òun ni wọ́n máa fi wá ọ̀rọ̀ yín rí. Wikipedia ní ètò kan tí ẹni tó ní àkáǹtì rere fi lè tọrọ pé kí ìdènà géètì má kan òun. Ẹ̀yin tó ń kọ ìmọ̀ sórí ayélujára ní Yorùbá, ẹ tọrọ rẹ̀.

VPN ńkọ́? Alárinà ni. Ẹ ó dì iṣẹ́ yín sínú àpò, ẹ ó gbé e fún un, òun ló máa lọ kan ilẹ̀kùn, ojúlé tirẹ̀ ni wọ́n máa rí. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìkànnì ti mọ ojúlé àwọn alárinà wọ̀nyí, wọ́n sì ti dènà wọn ṣáájú yín. Ti Tor, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń fi ojúlé èèyàn pamọ́, tilẹ̀ burú jù, torí pé gbangba ni àkójọ ojúlé ìjáde rẹ̀ wà. VPN ọ̀fẹ́ ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó ń gbé iṣẹ́ yín káàkiri ló ń rí gbogbo ibi tí ẹ ń lọ. Bí ẹ ò bá san owó fún un, ẹ béèrè ibi tó ti ń jẹun. Ẹ má sì fi VPN òkè òkun wọ báńkì yín, wọ́n lè rò pé olè ni, kí wọ́n ti àkáǹtì pa.

Ẹni tó sì jẹ́ pé òun gan-an ló ṣẹ̀, tí wọ́n dè é nítorí ìwà rẹ̀, n ò ní kọ́ ọ bó ṣe máa gba fèrèsé wọlé. Kúkì inú fóònù rẹ̀, ìyẹn àmì kékeré tí ìkànnì fi sílẹ̀ níbẹ̀, àti bó ṣe ń tẹ̀wé máa tú àṣírí rẹ̀, ìdènà kejì á sì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kó lọ bẹ̀bẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló béèrè ìbéèrè tó kẹ́yìn: "Sà, ṣé báyìí la ṣe máa máa pín ojúlé lọ ni?" Rárá. Nọ́ńbà gígùn tí mo ní kí ẹ ní sùúrù fún, IPv6 ló ń jẹ́. Láti 1995 ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé ìlànà rẹ̀ jáde. Ó pọ̀ débi pé ilé kọ̀ọ̀kan lè gba tirẹ̀, kí ó tún ṣẹ́ kù fún ọmọ ọmọ wa. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ lórí rẹ̀, ilé tirẹ̀ nìkan ni wọ́n máa tì. Mo ní kí àwọn tó rí nọ́ńbà onílẹ́tà lórí fóònù wọn nawọ́ sókè. A kà wọ́n: méje, nínú gbọ̀ngàn tó kún. Màmá tó wọ àdìrẹ bi èyí tó sún mọ́ wọn pé, "Ọmọ mi, nẹ́tíwọ̀kì wo lò ń lò?"